Ọ́ìlì Dúdú Lára Òpó

Mọ́tò tí mo ń wà ní Johannesburg nígbà náà, oní-dísù ni. Bákì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀ fún ẹrù. Ọkọ mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Dókítà ni, lójú tirẹ̀, kò yẹ kí ìyàwó dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Sandton máa gbé ohun tó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta wọ ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń páàkì sí. Ìró yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ ra mọ́tò náà, nítorí pé ìró mọ́tò bàbá mi ni.

Oníkòkó ni bàbá mi. Abà dé abà ló ń lọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, mọ́tò oní-dísù ló sì fi ń ṣe é. Kò sí mẹkáníìkì nínú igbó, nítorí náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe sàbíìsì mọ́tò rẹ̀, lábẹ́ igi ọ̀dán tó wà níwájú ilé wa ní Iléṣà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa ń pè pé kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́. Èmi nìkan ni obìnrin, èmi ni wọ́n ń ní kó lọ máa wo ọbẹ̀ lórí iná. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti máa ń wo ẹsẹ̀ bàbá mi méjèèjì tó yọ lábẹ́ mọ́tò, tí inú á sì máa bí mi sí ọbẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi kú, mo lọ mú bàbá mi wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Fourways, àdúgbò wa ní Johannesburg. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti fọ́n ká, kò sí ẹni tó máa wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé ńlá yẹn. Mo sọ fún un pé kó wá bẹ̀ wá wò. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kó dúró tì mí títí ayé ni. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀ pé mo ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, mo ti kun yàrá kan, mo sì ti pinnu pé tó bá jẹ́ tèmi ni, bàbá mi ò ní dá nìkan sùn nínú ilé kankan mọ́.

Fourways dára. Inú ọgbà ńlá kan tó ní géètì là ń gbé, ilé gbogbo jọra bí ìbejì, ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ènìyàn a sì jáde láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣẹ́ kù. Ó gbé ìgbálẹ̀, wọ́n ní àwọn tó ń gbálẹ̀ ń bọ̀. Ó fẹ́ fi gíríìsì sí géètì tó ń han, wọ́n ní kó má ṣèyọnu, ẹni tí wọ́n gbà fún géètì á wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó bá ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo eré kíríkẹ́ẹ̀tì tí kò yé e. Lọ́jọ́ kan tí mo tibi iṣẹ́ dé, ó ní, “Ìyá mi, ṣé kò yẹ kí n lọ wo ilé báyìí?” Kété lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú ni wọ́n bí mi, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní ìyá rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun ná.

Sàbíìsì mọ́tò ló bá mi dá a dúró. Mo ń gbé bákì mi lọ sí gáréèjì kan tí mo máa ń lò, ó sì ní òun á tẹ̀lé mi. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe nílé: tó o bá gbé mọ́tò fún mẹkáníìkì, orí rẹ̀ lo máa dúró lé. Wàá wo nọ́ọ̀tì tó tú, wàá wo ọ́ìlì tó dà jáde, ìwọ fúnra rẹ lo máa já ìdérí ike ọ́ìlì tuntun, kó lè dá ọ lójú pé kì í ṣe àdàlù. Bàbá mi ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ti ń wọlé lọ bá àwọn òṣìṣẹ́, nígbà tí ọmọbìnrin kan sáré wá dá a dúró. Kọsítọ́mà kì í wọ ibẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó sí yàrá onígíláàsì kan, wọ́n sì gbé kọfí fún un.

“Ṣé kọfí ni mo wá mu ni?” ó bi mí. “Ṣé o ti fojú ara rẹ rí i rí pé wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò yìí?”

“Rárá, Bàbá. Wọ́n máa ń fún mi ní ìwé pé wọ́n ti ṣe é.”

“Ìwé!” Ó wò mí bíi pé mo sọ fún un pé ẹlòmíràn ló ń bá mi wẹ̀.

“Eish,” mo ní, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, “Bàbá, they are professionals now. Kò sí wàhálà.”

“Gba kọ́kọ́rọ́ rẹ, ká máa lọ.”

Mo gba kọ́kọ́rọ́. Lójú ọ̀nà a yà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta èlò mọ́tò, bàbá mi sì fi ojú ara rẹ̀ yan ọ́ìlì àti fíltà. Ó gbọn ike ọ́ìlì létí, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó yí i po, ó wo ìdí rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tajà ń wò ó bí ẹni ń wo idán.

Ọjọ́ Sátidé ni a ṣe é, nínú gáréèjì ilé wa. Òfin ọgbà wa ò gbà kí a tún mọ́tò ṣe ní ìta gbangba. Mo ti rò pé èmi ni mo máa jókòó tí òun á wọ abẹ́ mọ́tò, àmọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìbàdí rẹ̀ kọ̀ fún un. Ó dìde, ó di ara mọ́tò mú. Ó wá ní, “Ìyá mi, ìwọ ni wàá wọ abẹ́ rẹ̀.”

Mo lọ wọ aṣọ àwọ̀ ewé tí ọkọ mi fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ nígbà kan rí. A tẹ́ páálí sílẹ̀, mo sì dùbúlẹ̀ lé e. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ni mí, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ikùn mọ́tò nìyẹn. Ọmọ mi obìnrin yọjú láti ilé ìdáná, ó pariwo, “Daddy, come and see Mummy! She's wearing your work clothes!” Ọkọ mi dé, ó wo ẹsẹ̀ mi tó yọ jáde, ó ní ṣé aláìsàn náà ṣì ń mí. Bàbá mi ní kó lọ máa wo ọbẹ̀ lórí iná.

Ẹ̀rín pa mí lábẹ́ mọ́tò débi pé sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Orí àpótí ni bàbá mi jókòó sí, tó ń darí mi. “Yí i sí òsì. Kì í ṣe òsì tèmi, òsì ẹni tó dùbúlẹ̀.” Nọ́ọ̀tì náà tú, ọ́ìlì dúdú tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tú jáde, ó gba apá mi dé ìgbọ̀nwọ́, mo ké. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi nìyẹn, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín, mo tún ń sunkún díẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ abẹ́ mọ́tò, ẹnikẹ́ni ò rí mi.

Ó kọ́ mi pé kí n fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà ẹnu fíltà kí n tó dé e. Ó kọ́ mi pé ọwọ́ lásán ni a fi ń dé fíltà. “Má fi ìbínú dé e. Tó o bá fi ìbínú dé e, ẹni tó máa tú u lọ́jọ́ mìíràn, ìbínú náà ló máa fi tú u.” Lọ́jọ́ kejì, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fa géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ láti fi yangàn fún ọkọ mi, ọ́ìlì tí a rọ lánàá sì ti dúdú kirikiri. Mo ní wọ́n ti ta ayédèrú fún wa, mo fẹ́ gbé mọ́tò padà lọ bá ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bàbá mi ní kí n farabalẹ̀, pé bí ti oní-dísù ṣe ń rí nìyẹn, kíá ló ń dúdú, nítorí pé ó ń fọ inú ẹ́ńjìnì ni.

Láti ìgbà náà, àwọn Sátidé wa bẹ̀rẹ̀. Kí n má parọ́, mọ́tò yẹn mu ọ́ìlì tuntun ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé mi ò kì í lè dúró kí àsìkò rẹ̀ pé. Mo ṣì ń ṣàárò wọn di òní. Oòrùn ọ̀sán ìgbà òtútù Johannesburg á ti ẹnu ilẹ̀kùn gáréèjì wọlé wá bá wa, èéfín ẹran tí aládùúgbò ń sun á máa gba ojú ògiri kọjá, ọ́ìlì á sì máa kán, tó, tó, sínú abọ́. Bàbá mi kì í jẹ́ kí n dé nọ́ọ̀tì kó tó kán tán. Àsìkò kíkán yẹn ni àsìkò ìtàn.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ bó ṣe fẹ́ ìyá mi. Abà bàbá ìyá mi wà lára àwọn ibi tó ti ń ra kòkó. Lọ́jọ́ kan ó dé ibẹ̀, ó rí ọmọbìnrin kan tó ń sá kòkó, ó bá ní mọ́tò òun bàjẹ́. Ó tú nọ́ọ̀tì, ó da ọ́ìlì tí kò ṣe nǹkan kan dànù, ó ní kò sí bí òun ṣe lè kúrò níbẹ̀ àfi tí ọmọọṣẹ́ òun bá lọ ra òmíràn wá ní Iléṣà. Ọjọ́ yẹn ló jẹ iyán ọwọ́ ìyá mi. “Ìyá rẹ ti mọ̀,” ó ní, “ó kàn ń wò mí ni. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mọ́tò yín á tún bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?’” Ó sín ohùn ìyá mi jẹ bó ṣe rí gan-an. Àwa méjèèjì jọ ń wo ọ́ìlì títí ó fi kán tán.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí a dà jáde yẹn ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ní Johannesburg, ibi kan wà tí wọ́n máa ń gbé e lọ, tí wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bàbá mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kọ̀ndẹ́m ọ́ìlì là ń pè é nílé, ta ló sì ń dà á nù? Káfíńtà ń wá a, bíríkìlà ń wá a, òun la fi ń pa igi òrùlé kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Gbogbo igi ilé wa ní Iléṣà, òun ni bàbá mi fi pa á. Ó bá ń rọ tiwa sínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń tò wọ́n sí igun gáréèjì. Mo ní, “Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ á yọjú.

Ó yọjú lóòótọ́. Àárín ọgbà wa ni ahéré ńlá kan tí wọ́n fi koríko bò lórí wà, lápà ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ará ọgbà ti máa ń sun ẹran, tí wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìbí. Bàbá mi ń rìn kiri, ó rí ipa ikán tó ń gun òpó rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí a ti lọ síbi iṣẹ́, ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó wé àkísà mọ́ ọ̀pá, ó sì pa gbogbo òpó náà láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Nígbà tí mo délé, inú rẹ̀ dùn débi pé ó jẹun lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mo rò pé ó ti ń mọ́ ọn lára ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú yàrá mi.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ lábẹ́ lápà náà. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ mọ bí ọmọdé ṣe ń ṣe pẹ̀lú òpó: wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n yí i po, wọ́n sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ariwo àwọn ìyá wọn ni mo gbọ́ nínú ilé. Nígbà tí mo fi máa sáré dé ibẹ̀, bàbá mi ti wà láàárín wọn, obìnrin tó jẹ́ alága ọgbà wa sì dojú kọ ọ́.

“Sir, who gave you permission to do this?”

Bàbá mi ṣí fìlà. “Madam, good afternoon. The termite did not take permission.”

Ọkùnrin kan lẹ́yìn fi ẹ̀rín sí i, ìyẹn ló tún wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní “sorry” títí ẹnu fi ro mí, mo ní a máa fọ aṣọ, a máa fọ òpó. Bàbá mi ń wò mí bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n. Ó wá bá mi sọ̀rọ̀ ní èdè Ìjẹ̀ṣà, èyí tí kì í bá mi sọ lójú ẹlòmíràn, ó ní à ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní a ò jẹ́ kí òun jẹ̀ láàtàn. Ojú tì mí níwájú wọn, inú sì bí mi sí wọn, nítorí pé kò sí ẹni tó wo ìdí òpó rí ikán láàárín gbogbo wọn.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, a jáde lọ fọ òpó. Ọkọ mi náà kúnlẹ̀, ó ń fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ họ igi, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ wa gbé omi. Bàbá mi fọ tirẹ̀. Dúdú náà ò lọ tán, ó ti mu igi. Alága wò ó, ó ní ó ti tó, wọ́n á kun nǹkan mìíràn lé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá mi sọ pé òun fẹ́ máa lọ sílé.

“Ta lẹ fẹ́ lọ bá nílé, Bàbá?”

“Ilé náà.”

“Torí òpó? Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán!”

“Kì í ṣe torí òpó.” Ó fà mí jókòó. “Ìyá mi, ibi tí ènìyàn ò bá ti ní ohun kan tó lè tún ṣe, àlejò ló jẹ́ níbẹ̀. O tọ́jú mi, Ọlọ́run á tọ́jú rẹ. Àmọ́ àlejò ni mí níbí.”

“Ẹ̀yin lẹ ń ṣe mọ́tò mi.”

“Ìwọ lò ń ṣe é. Èmi ń jókòó lórí àpótí.”

Mo sunkún bí ọmọdé, mo ní kó má lọ. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Nígbà tí ọjọ́ pé, a sìn ín lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, gbogbo iná ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbẹ̀ ló ń pupa fún wa, mo sì ń dúpẹ́ pé wọ́n ń dá wa dúró. Ohun tó sọ kó tó wọlé ni pé kí n má fi ìbínú dé fíltà. Mo dé ilé, mo wo bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́ dáadáa, tí kò sí ẹni tó máa sùn lórí rẹ̀.

Tó bá pè mí lórí fóònù, ọ́ìlì ló máa kọ́kọ́ béèrè kó tó béèrè àlàáfíà. Mo ń dá ṣe é ní gáréèjì, mo ń jẹ́ kó kán tán, àpótí rẹ̀ sì wà níbi tó wà.

Ọdún díẹ̀ kọjá kí n tó ráyè lọ sílé, nígbà Kérésìmesì. Bàbá mi ti gbó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n nu àga fún mi, kí wọ́n lọ ra omi inú ike fún mi. Mo dìde pé kí n kó abọ́, ó ní kí n jókòó. Mo gbé ìgbálẹ̀, ọmọ tó ń bá a ṣe iṣẹ́ ilé gbà á lọ́wọ́ mi. Gbogbo ẹni tó ń kọjá níwájú ilé ló ń kí i pé, “Bàbá, ẹ kú àlejò o!” Òun náà á dáhùn pé, “Ẹ ṣé o.” Ilé tí wọ́n bí mi sí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, mi ò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo jáde lọ sábẹ́ igi ọ̀dán. Mọ́tò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo fa géèjì ọ́ìlì yọ, mo rí i pé kò sí ẹni tó ti fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Mo wọ ẹ̀wù oko rẹ̀, mo rán ọmọ ilé lọ ra ọ́ìlì àti fíltà, mo tẹ́ páálí. Bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò mí. Kò ní kí n jókòó. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ tí mo gbójú sókè, fèrèsé ilé ìdáná ni mo rí, ẹsẹ̀ mi sì yọ síta.

Nígbà tí ọ́ìlì kán tán, tí mo ti dé gbogbo rẹ̀ láìsí ìbínú, mi ò dúró kó rán mi níṣẹ́. Mo ti rí ipa ikán lára òpó ilẹ̀kùn láti àná. Mo rọ ọ́ìlì dúdú náà sínú agolo, mo wé àkísà mọ́ ọ̀pá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa òpó láti ìsàlẹ̀.

Obìnrin kan tó ń lọ sójà kígbe láti ojú títì, “Bàbá, ẹ kú àlejò o!”

“Àlejò wo?” bàbá mi dá a lóhùn lẹ́yìn mi. “Ọmọ ilé ló ń tún ilé ṣe.”

Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo ki àkísà bọ inú agolo, mo bọ́ sí òpó kejì.